Ọjọ́bọ̀ Tí À Ń Dárúkọ Àwọn Ọmọ

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Etí mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ jìnnà mọ́, ohùn mi náà kò sì lágbára. Ẹ lè máa yín àgbàdo náà lọ, kò dí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń dún nígbà tó bá ń já sínú abọ́ irin yẹn.

Ẹ ní kí n sọ bí ìpàdé àdúrà wa ṣe rí nígbà tí àwa náà jẹ́ ọ̀dọ́ òbí bíi tiyín. Ẹ rò pé ẹ kàn ń bá arúgbó ṣeré ni. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta péré ló wá sí ìpàdé lọ́jọ́ náà: èmi, ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìyàwó kékeré yìí tó pọn ọmọ sẹ́yìn. A jókòó, à ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, pọtáàbù, fóònù ọwọ́ ìyàwó náà, dún. Ó ní, “Bàbá, àwọn tó kù ti fi àdúrà ránṣẹ́.” Ó gbé e sí mi lójú. Àwòrán ọwọ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀ ni mo rí, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

Mo ní ó dára. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Mo ń bi ara mi pé, ta ló mọ ibi tí ọmọ ta wà báyìí? Ọmọ ta ló ń ṣàìsàn? Ìyá wo ló ń sunkún nínú yàrá? Ọwọ́ tí wọ́n yà sínú pọtáàbù kò lè sọ ìyẹn fún mi. Ẹ má bínú sí mi. Mo ní ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí, ìdí yẹn ni mo sì fẹ́ sọ lónìí. Ó pẹ́ tí mi ò ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ilé mẹ́fà ni wá nígbà náà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdígní. Nígbà yẹn, ọ̀nà náà kò ju ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ lè gbà lọ. Sẹ́mí, alùpùpù tí ẹ ń gùn kiri yìí, tó ń han wá létí láti àárọ̀, kò tíì débẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ lówùúrọ̀ ni ìgbálẹ̀, ẹyẹ, àti ikọ́ Ìyá Sàmúẹ́lì. Opó ni Ìyá Sàmúẹ́lì, òun ló ń ṣáájú wa nínú ìpàdé. Kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì ká dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó lè wò ó lójú kó purọ́. Mo wí bẹ́ẹ̀, àfi èmi. Ẹ ó gbọ́.

A kò ní agogo. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Sàmúẹ́lì á mú ọmọ odó, á fi gbá etí odó òfìfo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó! Kó! Kó! Ibi yòówù tí o bá wà lóko, o ó gbọ́ ọ. Obìnrin tó ń dín gàrí á bu omi pa iná rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ ebè á fi ọkọ́ sílẹ̀ nínú poro. Ilé tí ìpàdé bá kàn á se àgbàdo tàbí ẹ̀kọ, gbogbo ọmọ á jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, àwọn kékeré ní iwájú, àwọn àgbà wọn ní ẹ̀yìn. Tí ọmọ mi bá hùwà àìdáa nílé ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni wọn á ti bá a wí. Kí n tó gbọ́, ó ti sunkún tán, wọ́n ti fún un lóúnjẹ, ó ti sùn sórí ẹní wọn.

A máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Lọ́dún ìkórè kan, Bàbá Jóẹ́lì, aládùúgbò mi tí oko wa jọ pààlà, fẹ́ fi àgbò ńlá kan dúpẹ́. Ó wọ agbádá funfun. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ orin báyìí, ẹ̀rù ba àgbò náà, ó sì wọ́ Bàbá Jóẹ́lì lórí ikùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú pẹpẹ. Àlùfáà tó wá láti Kétu ní òun kò tíì rí ẹni tó fi gbogbo ara dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún Kérésìmesì, àwọn ọmọ á fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àgọ́, ewúrẹ́ á sì jẹ ẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Lọ́dọọdún ni ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, lọ́dọọdún la sì ń bínú bí ẹni pé a kò rí i rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ tiwa gan-an, tí mi ò rí níbòmíràn, ni dídárúkọ àwọn ọmọ. Kí a tó ka Bíbélì, kí a tó ṣe ohunkóhun, Ìyá Sàmúẹ́lì á yíjú sí ilé kọ̀ọ̀kan, á ní, “Àwọn ọmọ yín dà?” Bàbá tàbí ìyá á dìde, á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì sọ ibi tí olúkúlùkù wà ní wákàtí náà. “Jóẹ́lì ń bẹ lóko, ó ń lé ẹyẹ. Rúùtù ní ibà, ó wà lórí ẹní. Ọmọ ọwọ́ nìyí.” Ìyá Sàmúẹ́lì á tún un sọ nínú àdúrà, orúkọ àti ibi tó wà. Lẹ́yìn àdúrà, ẹnìkan á ní, “Èmi á wá jókòó ti Rúùtù lọ́la kí ìyá rẹ̀ lè lọ sí ọjà.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́ ọmọ. Nígbà yẹn mo rò pé ohun kékeré ni.

Àkókò náà ni àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́, wọ́n ń wá ọmọbìnrin tí wọn yóò mú lọ. Tántì là ń pè wọ́n. Ẹlòmíràn nínú wọn ṣe dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ nípa ọmọ abúlé kejì tó lọ tí kò padà. A wá fẹnu kò ní ìpàdé pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ fa ọmọ lé Tántì kankan lọ́wọ́ láìjẹ́ pé gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀rọ̀ gan-an. Mo ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní “Àmín.”

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni òjò dá lójijì. Àgbàdo mi gbẹ lórí ìdúró. Ìyàwó mi, ìyá Abẹ̀ní, oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, kò lè dìde nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló wà nílẹ̀. Abẹ̀ní ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, kò ráyè lọ sí ilé ìwé mọ́. Ojú ń tì mí tí mo bá rí i tó jókòó ti kàyé ìkọ̀wé rẹ̀ láàárín ẹ̀fín, tó ń wo ohun tó kọ lọ́dún tó kọjá.

Ìgbà náà ni Tántì kan dé. Ọ̀rẹ́ ìyàwó ìbátan mi kan ni. Ẹ má rò pé ojú rẹ̀ burú o. Ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi lórí ẹní, ó wẹ ọmọ kékeré fún un, ó se ọbẹ̀. Ó fún wa ní rédíò kékeré kan. Ó ní Abẹ̀ní á lọ sí ilé ìwé ní Kútọnu, á kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, á máa wá kí wa lọ́dún. Ìyàwó mi sunkún, ó ní kí n ṣe bí mo bá ti rí i sí. Mo sì gbà.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún ìpàdé. Èmi náà ti bi ara mi títí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí ló dí mi lẹ́nu. Mo rò pé tí ọmọ bá ti débẹ̀ tán, tí ìròyìn rere bá ti dé, màá wá sọ fún wọn, gbogbo wa á sì jọ dúpẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n lọ. Abẹ̀ní wọ aṣọ búlúù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó di kàyé rẹ̀ mọ́ àyà. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ṣé Ìyá Sàmúẹ́lì mọ̀ pé mò ń lọ?”

Mo ní, “Ó mọ̀.”

Ó ní, “Kò sì wá kí mi pé ó dàbọ̀?”

Mo ní iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Ó gbà mí gbọ́. Kò wẹ̀yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ odó. Mo lọ. Ó kàn mí. “Àwọn ọmọ yín dà?” Mo dárúkọ àwọn mẹ́rin. Nígbà tí mo dé orí Abẹ̀ní, ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó ronú: “Abẹ̀ní wà ní Òkpómẹ̀ta, lọ́dọ̀ ìyá mi.” Ìyá Sàmúẹ́lì mi orí. Ó ní, “Ó dára, ìyá àgbà nílò ẹni tó máa bá a pọn omi.” Ó gbàdúrà: kí Olúwa ṣọ́ Abẹ̀ní ní Òkpómẹ̀ta. Gbogbo wọn ní “Àmín.” Èmi náà ní “Àmín.”

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àdúrà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń dùbúlẹ̀ rò ó pé àdúrà àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń lọ sí Òkpómẹ̀ta, ó ń wọ ilé ìyá mi, ó ń wá ọmọ náà káàkiri, kò rí i, ó ń padà. Nígbà tí ọmọ sì wà ní Kútọnu, kò sẹ́ni tó gbàdúrà kankan débẹ̀. Ìròyìn tí Tántì ṣèlérí kò dé. Bí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé Kútọnu, màá dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Ìyàwó mi kò bi mí ìdí.

Ọjọ́ kan, Bàbá Jóẹ́lì lọ sí Òkpómẹ̀ta láti ra èbù iṣu. Ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun fi sálúbàtà kan fún Abẹ̀ní, pé ẹsẹ̀ ọmọ náà á ti tóbi. Mi ò mọ̀ pé ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i lójú poro oko mi, sálúbàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi.

Ó ní, “Mo dé ilé ìyá rẹ.”

Mo fi ọkọ́ lélẹ̀.

Ó ní, “Mo ní mo wá fún Abẹ̀ní ní nǹkan. Ìyá rẹ ní, Abẹ̀ní wo? Ó dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ṣé nǹkan ti ṣe ọmọ ọmọ òun ni. Kí ni kí n wí fún un? Sọ fún mi, kí ni kí n wí?”

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo jókòó sórí ebè bí ọmọdé. Mo rò pé ó máa lù mí. Ó ń fi ìka pa eruku ara sálúbàtà náà rẹ́.

Ó ní, “Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ ọ́. Tí o bá sọ ọ́, èmi kò ní la ẹnu. Tí o kò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́, àwa méjèèjì kò sì ní bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.”

Ní ọjọ́ kejì, àgbàlá Ìyá Sàmúẹ́lì kún. Ó kàn mí. Mo dìde, mo dárúkọ àwọn mẹ́rin. Mo ní, “Abẹ̀ní kò sí ní Òkpómẹ̀ta. Kò débẹ̀ rí. Mo fà á lé Tántì kan lọ́wọ́, ó mú un lọ sí Kútọnu. Oṣù mẹ́rin nìyí. Mo ń purọ́ fún yín, mo sì ń purọ́ fún Ọlọ́run.”

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n pariwo. Ọmọ ọwọ́ kan ń mu ọmú, ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ìyàwó mi, tí wọ́n dì mú wá, da aṣọ bo orí.

Ìyá Sàmúẹ́lì ní, “Níbo ni obìnrin náà ń gbé?”

Mo ní, “Wọ́n ní ó súnmọ́ ọjà ńlá.”

“Wọ́n ní? O kò mọ ilé tí ọmọ rẹ ń sùn?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ó pa Bíbélì dé. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde. Ó ní, “A kò ní kàwé lónìí. Àdúrà tó kù, ojú ọ̀nà la ó ti gbà á. Ta ló ń bá mi lọ?” Bàbá Jóẹ́lì na ọwọ́ sókè kí Ìyá Sàmúẹ́lì tó sọ̀rọ̀ tán. Obìnrin kan ní òun á máa wá wẹ ìyàwó mi, òun á sì máa bọ́ àwọn ọmọ. Ọkùnrin méjì ní àwọn á ro oko mi. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó káṣọ rẹ̀ jọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú.

Ní kùtùkùtù, a gun kámíọ̀n tó ń kó àgbàdo lọ sí Kútọnu, àwa mẹ́ta lórí àpò: èmi, Ìyá Sàmúẹ́lì pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ká, àti Bàbá Jóẹ́lì. Mùsùlùmí ọmọ Kétu ni awakọ̀ náà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wa rìn, ó ní òun náà ní ọmọbìnrin. Gbogbo ibùdókọ̀ tó ti dúró ló ti ń bá wa béèrè Tántì náà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì la fi wá a. Oòrùn Kútọnu kò dàbí tiwa, ó ń ti ilẹ̀ yanrìn padà lu ènìyàn lójú. A rí ilé Tántì. Ó yà á lẹ́nu láti rí wa. Ó ní ọkọ òun kò fẹ́ ọmọ nílé, òun ti fi Abẹ̀ní sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn, obìnrin dáadáa ni, kí a fọkàn balẹ̀. Ìyá Sàmúẹ́lì ní, “Dìde, mú wa débẹ̀.” Tántì ní òun kò mọ ilé. Ó ní wọ́n ń ta omi tútù ní ibùdókọ̀ kan ni, ó sì dárúkọ rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé ọwọ́ tèmi náà ń ṣe ohun kan náà tí tirẹ̀ ń ṣe, ó ń fún etí aṣọ pọ̀. Àwa méjèèjì kò mọ ilé.

Awakọ̀ wa ló mọ ibùdókọ̀ náà. Ìdajì ọ̀sán ni a débẹ̀. Àwọn ọmọ pọ̀ tí wọ́n ru ọpọ́n omi, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bẹ̀rù pé mi ò ní dá a mọ̀. Abẹ̀ní ló kọ́kọ́ rí wa. Mo rí ọmọ tín-ínrín kan tó sọ ọpọ́n kalẹ̀ tó sá sẹ́yìn ọkọ̀. Aṣọ búlúù yẹn ló wọ̀, ó ti ṣá, ó ti ya ní apá.

Mo pè é. Ó tún sá sí i.

Ìyá Sàmúẹ́lì dì mí lápá mú, ó ní, “Dúró níbí.” Òun nìkan ló tiro lọ, ó yí ọkọ̀ ká, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yanrìn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò pè é. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà wá, ó jókòó tì í. Àárín orí rẹ̀ ti pá níbi tí ọpọ́n ń gbé. Mo súnmọ́ díẹ̀ kí n lè gbọ́.

Abẹ̀ní ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò wá kí mi pé ó dàbọ̀?”

Ìyá Sàmúẹ́lì ní, “Mi ò mọ̀ pé ò ń lọ, ọmọ mi.”

“Ní Ọjọ́bọ̀, ṣé ẹ kò béèrè mi ni?”

“À ń béèrè rẹ. Kò sí Ọjọ́bọ̀ kan tí a kò dárúkọ rẹ.”

Ó ń fi ìka kọ nǹkan sí yanrìn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Níbo ni wọ́n sọ pé mo wà?”

Ìyá Sàmúẹ́lì yíjú sí mi. Mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kó dáhùn. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, níwájú ọmọ mi, àwọn ènìyàn sì ń kọjá pẹ̀lú ẹrù. Mo ní, “Mo sọ pé o wà ní Òkpómẹ̀ta. Irọ́ ni. Mo purọ́ fún wọn, mo sì purọ́ fún ìwọ náà.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ènìyàn tó jọ ẹnìkan tó mọ̀ rí. Ó wá gbé ojú kúrò.

Obìnrin olómi kò bá wa jà púpọ̀. Bàbá Jóẹ́lì ga, ó sì dúró tì í láìsọ̀rọ̀ títí tó fi di ẹrù ọmọ náà fún wa. Kàyé kò sí nínú rẹ̀. Láti Kútọnu títí dé Kétu, Abẹ̀ní sùn sórí itan Ìyá Sàmúẹ́lì. Bàbá Jóẹ́lì wọ sálúbàtà náà fún un lójú oorun. Ó bá a mu díẹ̀.

Nígbà tí a délé, ó wọlé lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó padà sẹ́yìn. Ní ìpàdé, wọ́n ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá Sàmúẹ́lì ná. Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni?”

Ìyá Sàmúẹ́lì ní, “A kò gbà á. Ilé méjì péré ló wà láàárín wa. Jẹ́ kó sinmi níbi tí kò ti bẹ̀rù.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé igi ìdáná lọ sílé Ìyá Sàmúẹ́lì, mo sì ń padà. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń dìde, mo ń sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé Abẹ̀ní wà nílé Ìyá Sàmúẹ́lì. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ìyàwó mi gbádùn díẹ̀díẹ̀. Mẹ́tìrì, olùkọ́ ilé ìwé, gba Abẹ̀ní padà. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó di ẹní rẹ̀, ó wá sílé fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó wá. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀: “Ẹ kú àárọ̀.” Ó ń gbé oúnjẹ fún mi: “Oúnjẹ rèé.” Ṣùgbọ́n kò pè mí ní Bàbá. Ọdún kan gbáko, kò pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń pè é, ilé ń kún fún un. Èmi ń gbọ́ èyí tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ wò ó, Ìyá Sàmúẹ́lì ti sùn tipẹ́. Ilé mẹ́fà ti di ilé mẹ́tàlélógún, gbogbo rẹ̀ ní ilẹ̀kùn irin. Mò ń rí ọmọ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó dúró níwájú ilé ọ̀kan nínú yín, obìnrin olóòórùn dídùn kan sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn. Mi ò bi yín ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kọjá, mo máa ń ka àwọn ọmọ tó ń ṣeré níwájú ilé yẹn, lọ àti bọ̀. Ẹ má bínú. Ọkàn mi kò balẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ sọ nǹkan fún mi, tàbí fún ara yín, ẹ má dúró dìgbà tí ìròyìn rere bá dé.

Mo ti ń gbàgbé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé. Abẹ̀ní. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni aránṣọ tó wà ní Kétu, tó máa ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́dún Àjíǹde. Òun ló sọ pé kí n sọ ìtàn yìí fún yín.

Ọjọ́ kan lẹ́rùn, lẹ́yìn ọdún náà, mo gun orí ilé ìdáná láti tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Àkàbà náà ti gbó. Abẹ̀ní wà nísàlẹ̀, ó ń fi ajọ̀ jọ èlùbọ́. Mo na ọwọ́ mú koríko, igi àkàbà ṣẹ́, mo sì já bọ́ látòkè, gbì! Ẹ̀yìn ni mo fi balẹ̀. Èémí kúrò lára mi. Mo ń rí ojú ọ̀run, mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi pé ajọ̀ jábọ́, ẹsẹ̀ sì ń sáré bọ̀.

Ó kígbe pé, “Bàbá!”

Mo gbọ́ ọ. Èémí mi ti padà nígbà náà, mo lè sọ̀rọ̀, mo lè gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo di ojú mi pọ̀.

Ó tún pè, ó ti sún mọ́ mi gan-an, ọwọ́ rẹ̀ tí èlùbọ́ kún wà lójú mi, “Bàbá! Bàbá mi!”

Ọlọ́run á dárí jì mí. Mi ò dáhùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dáhùn, kò ní pè mí mọ́.